Igi Óákù Inú Báàfù Wa

Òórùn ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kì í ṣe òórùn dòdò tí Mọ́mì máa ń dín ní Sátidé, kì í sì í ṣe òórùn ọṣẹ ìfọṣọ. Òórùn ilẹ̀ tí òjò ti lù pẹ́ ni, pẹ̀lú ti ewé tó ti ń jẹrà díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀, inú ilé wa ní Becontree, ní London, ni mo wà o, nínú yàrá kékeré tó kọjú sí títì, níbi tí imú mi kò ti mọ̀ ju èéfín ọkọ̀ àti ẹran tí aládùúgbò wa ń yan lọ. Mo fojú oorun táràkà dé ilé ìwẹ̀ kí n lè fọ eyín mi. Igi ló wà nínú báàfù.

Mi ò sọ pé ewé o. Igi ni mo wí: ẹ̀ka igi óákù tó nípọn tó itan àgbàlagbà, tó wọ́ síhìn-ín tó wọ́ sọ́hùn-ún, tí nǹkan tútù àwọ̀ ewé hù bò látòkè délẹ̀. Ó na ara rẹ̀ sínú omi díẹ̀, ó gbórí lé ẹnu ẹ̀rọ. Dádì dúró sẹ́yìn mi, táwẹ̀lì ló ró mọ́dìí, ó gbé abọ́ omi gbígbóná dání. Ó ní, "Ṣadé, good morning. Lọ wẹ̀ ní kíṣìnì," bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ la ti ń ṣe é látayébáyé. Mo mọ igi náà kẹ̀, a jọ ti Wéèsì dé lálẹ́ àná ni. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ó máa bá wa gbé.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nínú ìjọ Aládùúrà ní ìlú yìí bíi tèmi, ọ̀rọ̀ mi á tètè yé yín. Inú ilé ìkẹ́rù kan lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ táyà ní Barking ni ìjọ wa ti ń pàdé. Aṣọ funfun, ẹsẹ̀ lásán, òórùn tùràrí tó ti bá òórùn rọ́bà dọ́rẹ̀ẹ́. Gbogbo nǹkan la ní, àfi òkè. Aládùúrà tí kò ní òkè tó ń gùn lọ gbàdúrà, kí ló kù tó ní? Dagenham sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ibi tó ga jù ládùúgbò wa ni afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó dábùú títì ńlá. Àwọn àgbà ìjọ gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gùn ún tàwọn ti aṣọ funfun, wọ́n sì ń ké Hòsánà sókè. Àwọn ọlọ́pàá sáré dé, wọ́n ń bẹ̀ wọ́n pé ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, kí wọ́n má ṣe bẹ́ sísàlẹ̀.

Mọ́mì ló mú kí ọ̀rọ̀ òkè jẹ ìdílé tiwa lógún. Ó ti lóyún rí lẹ́yìn mi, tí oyún náà kò dúró. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Nígbà tó tún lóyún lọ́dún tí mò ń sọ yìí, kò sẹ́ni tó dúnnú sókè nínú ilé. Ńṣe ni gbogbo wa ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó gbé abọ́ omi kíkún sórí. Dádì a máa sọ pé, "Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí," á sì gba báàgì lọ́wọ́ Mọ́mì, ìbáà jẹ́ báàgì tí kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀.

Bọ̀dá Káyọ̀dé, tó ń wa bọ́ọ̀sì ìjọ, ló wá sọ pé òun mọ òkè gidi kan ní ilẹ̀ Wéèsì. A kó sọ́kọ̀ ní ìdájí, a fi jọ̀lọ́ọ̀fù sínú kúlà, a ń lọ. Nígbà tá a débẹ̀, òjò ń rọ̀. Òjò ibẹ̀ kì í ṣe èyí tí èèyàn ń dúró kó dá. A bọ́ bàtà sínú bọ́ọ̀sì nítorí pé ẹni tó wọ aṣọ àdúrà kì í wọ bàtà, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè lẹ́sẹ̀ lásán. Dádì ń yọ̀ tẹ̀rẹ́, ó ń dìde, ó ń pariwo pé, "Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké!" Ó dẹ̀ tún yọ̀.

Mi ò rí irú igbó bẹ́ẹ̀ rí, mi ò sì tíì gbàgbé ẹ̀. Àwọn igi óákù náà kò ga, gbogbo wọn ló wọ́, wọ́n fi gbòǹgbò di òkúta mú. Ara wọn kò hàn rárá. Nǹkan tútù tó rọ̀ bíi tìmùtìmù ló bò wọ́n, ó bo òkúta, ó bo ilẹ̀, tí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, omi á rú jáde láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀. Orí ẹ̀ka igi ni àwọn ewé mìíràn tún ti ń hù. Kí a tó dé àárín igbó, aṣọ funfun wa ti di aláwọ̀ ewé láti orúnkún délẹ̀. Tọkọtaya òyìnbó àgbàlagbà kan bá wa pàdé nínú ìkùukùu, àwọn àti ajá wọn. Wọ́n rí èèyàn rẹpẹtẹ nínú aṣọ funfun láàárín igi, tí wọ́n ń kùn yùnmùyùnmù. Bàbá náà ṣí fìlà, ó tẹrí ba díẹ̀, ó sì fa ìyàwó ẹ̀ gba ọ̀nà míì lọ. Ajá yẹn nìkan ló fẹ́ dúró.

Obìnrin ará Wéèsì kan tó ń tọ́jú igbó náà rí wa. Ó wọ ẹ̀wù òjò, kò bínú, ńṣe ló kàn fẹ́ kí ara tù wá. Ó ní igbó òjò la wà yìí, pé kì í ṣe ilẹ̀ olóoru nìkan ló ni irú ẹ̀. Ìkùukùu ń ti ojú òkun wá, òkè ń dá a dúró, omi kò sì fibẹ̀ sílẹ̀. Ó ní igi kan níbẹ̀ kì í ṣe igi kan: ewé ń gbé lórí ẹ̀, kòkòrò ń gbé lábẹ́ ewé, ẹyẹ ń jẹ kòkòrò, ẹ̀ka tó bá wó lulẹ̀ tún di ilé fún àwọn mìíràn. Dádì mi orí, ó ní, "Ah. Face-me-I-face-you."

Obìnrin náà wá fi ohun kan hàn wá lára igi. Ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ó tutù yọ̀yọ̀, ó ní kòtò kòtò lójú bí ẹ̀dọ̀fóró tó wà lórí àtẹ alápatà. Ó ní kì í ṣe ewé. Ẹ̀dá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló so pọ̀ di ọ̀kan, èyí ń kọ́lé, ìyẹn ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn dáná oúnjẹ. Ibi tí èéfín bá wà, wọn kì í gbé ibẹ̀. Mọ́mì gbọ́ ọ dáadáa, ó wá bi í pé, "So who is washing the plate?" Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí. Kó tó lọ, ó bẹ̀ wá pé ká má já nǹkan kan, ká má sì kó igi tó bá wà nílẹ̀, nítorí àwọn tó ń gbé inú ẹ̀.

A wá dúró lábẹ́ igi kan, wọ́n fi Mọ́mì sáàárín, a ń gbàdúrà. Ìyá Àdúrà ló ṣáájú wa. Màmá àgbàlagbà ará Èkìtì ni, aríran ìjọ wa, orúnkún ń dùn ún, ohùn ẹ̀ kò sì mọ̀ pé orúnkún ń dùn ún. Ó béèrè ohun tá a wá béèrè, a ké "Àmín!" Atẹ́gùn fẹ́, igi dún gbàà, ẹ̀ka kan sì já lulẹ̀ síwájú Mọ́mì gan-an, tòun ti ẹ̀dọ̀fóró tútù yẹn lára ẹ̀. Ó ku díẹ̀ kó fọ́ Dádì lórí. Àwọn kan sá. Ìyá Àdúrà kò sá. Ó ní, "Ìyá Ṣadé, o ò rí i? Bí ewé yìí bá ṣe ń tutù, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ inú rẹ yóò máa tutù. Mọ́ jẹ̀ẹ́ kó gbẹ o." Dádì rán an létí ohun tí obìnrin ará Wéèsì sọ. Ìyá Àdúrà ní, "Ta ló já a? Àdúrà ló já a."

Bẹ́ẹ̀ ni igi wọ bọ́ọ̀sì. Ó gùn láti ìjókòó kejì dé ibi gíà. Bọ̀dá Káyọ̀dé béèrè pé, "This one, ṣé ó fẹ́ máa wakọ̀ ni?" Ìyá Àdúrà ní kó dákẹ́ kó sì de bẹ́líìtì fún un, ó sì de bẹ́líìtì fún un.

Nígbà tí a padà délé, dókítà ní kí Mọ́mì má kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́. Tí a bá ṣí ìlẹ̀kùn yàrá àti ti ilé ìwẹ̀ sílẹ̀, ó ń rí orí igi náà láti ibi tó sùn sí. Ìdí tó fi gbọ́dọ̀ wà nínú báàfù nìyẹn, kì í sì í ṣe ohun tí a lè jiyàn lé. Èmi àti Dádì ń wẹ̀ nínú abọ́ ní kíṣìnì. Tí mo bá ráhùn, á ní, "Bí a gúnyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó." A kì í ṣí fèrèsé. Dádì ń gbé omi gbígbóná wọlé, ó ń gbé e jáde, kí ìkùukùu Wéèsì lè wà ní Becontree. Láìpẹ́, nǹkan dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í hù lára ògiri, aṣọ iléèwé mi ń rùn bí abẹ́ àpáta, ọ̀rẹ́ mi kan ní kíláàsì sì béèrè bóyá inú àgọ́ là ń gbé. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Ìyá Àdúrà wá wo igi, ó fi omi ẹ̀rọ kan ahọ́n, ó ní oògùn wà nínú ẹ̀, òjò nìkan ni ká máa fún un. Ọdún yẹn gan-an ni òjò kọ̀ tí kò rọ̀. Gbogbo ìlú London ń gbádùn oòrùn, àwọn èèyàn ń sùn sórí koríko ní páàkì, àwa ń to bàsíà síta tá a ń wojú ọ̀run. Níkẹyìn, ìjọ wá sí iwájú ilé wa lọ́sàn-án Sátidé kan láti gbàdúrà òjò. Tẹ́rì, aládùúgbò wa, òyìnbó onísùúrù tó ti ń gbé àdúgbò náà kí wọ́n tó bí Dádì, fara ti ògiri kékeré tó là wá láàárín, ó mú ife bíà dání. Ó béèrè ohun tí à ń tọrọ. Dádì sọ fún un. Tẹ́rì wò wá lọ, ó wò wá bọ̀. "Rain?" ló wí. "In England? You're praying for it?" Ó wọlé lọ sọ fún ìyàwó ẹ̀, a sì gbọ́ tí ìyàwó náà ní irọ́ ló ń pa.

Òjò kò rọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo wọ ilé ìwẹ̀, mo rí i pé ẹ̀dọ̀fóró tútù ti yí padà. Ó ti pọ́n bí ewé tábà, ó ká jọ, mo fọwọ́ kàn án, ó ń dún bíi bébà. Ẹ̀rù bà mí débi tí mi ò lè kígbe. Ẹ má ṣe fi mí rẹ́rìn-ín o. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà, mo gba ọ̀rọ̀ Ìyá Àdúrà gbọ́ pátápátá. Lójú tèmi, àbúrò mi ló gbẹ nínú báàfù yẹn. Mo ti ìlẹ̀kùn, mo dúró síbẹ̀ títí Dádì fi tibi iṣẹ́ dé.

Ilé ìkẹ́rù kan ní Dagenham ni Dádì ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń di ẹ̀fọ́ sínú ọ̀rá fún àwọn ṣọ́ọ̀bù. Ó wo igi, ó wò mí. Ojú ẹ̀ kọ́rẹ́, mo rí i. Ó jókòó sétí báàfù. Ó wá lọ síbi báàgì ẹ̀, ó mú kéèlì jáde, ẹ̀fọ́ òyìnbó tó le, tó ká ní gbogbo etí yẹn. Ó bu ún kéékèèké, ó gba òwú funfun nínú àpótí ìránṣọ Mọ́mì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í so ó mọ́ igi. Ó kún rẹ́rẹ́. Tí èèyàn bá dúró lọ́ọ̀ọ́kán, tó sì fẹ́ gbàgbọ́, ó jọ ọ́. Ó ṣí ìlẹ̀kùn, ó pe Mọ́mì pé, "Ìyá Ṣadé, igi wa ń ṣe dáadáa o!" Mọ́mì ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni Dádì ń tú èyí tó ti rọ kúrò, tó ń so tuntun. Ọwọ́ ẹ̀ wá yá sí i. Kéèlì tó bá tú, a ó fi ṣe ọbẹ̀. Mo jẹ ẹ̀fọ́ lọ́dún yẹn ju ewúrẹ́ lọ. Mọ́mì náà ń jẹ ẹ́, á ní ó dùn, á bi Dádì pé níbo ló ti ń rí ẹ̀fọ́ tuntun báyìí, Dádì á wojú àjà.

Ọjọ́ tí onílé wá wo ògiri dúdú ni mo rò pé gbogbo rẹ̀ máa tú síta. Ọkùnrin tí kò mọ̀ ọ́n sọ jẹ́jẹ́ ni. Ó wọ ilé ìwẹ̀, ó ní, "Why is there a tree in my bath?" Dádì ní, "It is cultural, sir." Ó tẹ̀ síwájú, ó bojú wò ó dáadáa. Ó wá gbé ohùn sókè: "Why is there kale on it?" Ìlẹ̀kùn méjèèjì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Dádì húkọ́, ó tún húkọ́, ó wá ki orin ẹ̀mí mọ́lẹ̀ tagbáratagbára, ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń fi àyà ti ọkùnrin náà jáde síta. Èmi náà gbe orin náà, nítorí kí ni mo tún lè ṣe? Onílé wọ mọ́tò ẹ̀, kò sì tún mẹ́nu kan ògiri mọ́. Nígbà tá a yọjú sí Mọ́mì, ojú ló dì, ó fara hàn bí ẹni tó sùn.

Ọjọ́ tí ọmọ dé ni òjò dé. Tẹ́rì ti pe gbogbo ẹbí ẹ̀ jọ, ó ti to ẹran sórí iná lẹ́yìnkùlé. Ìrọbí bẹ̀rẹ̀ sí í mú Mọ́mì, mọ́tò Dádì kọ̀ tí kò dáhùn, mo sì sáré lọ kan ilẹ̀kùn Tẹ́rì. Òjò tí ìjọ wa ti tọrọ láti ọjọ́ yìí ṣú, ó sì ya lu ẹran náà lẹ́ẹ̀kan náà. Tẹ́rì gbé Mọ́mì lọ sílé ìwòsàn tòun ti épírọ̀nù ẹ̀, ó mú irin tó fi ń yí ẹran dání mọ́ sítíárì, ó ń tún un sọ pé, "You lot. You lot and your rain." Wọ́n bí àbúrò mi láyọ̀, igbe ẹ̀ dé ìta. Béjìdé la sọ ọ́. Nígbà tá a délé, Dádì gbé igi síta kí báàfù lè sinmi. Òjò ṣì ń rọ̀. A dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, a sì rí i tí nǹkan gbígbẹ yẹn ń mu omi, tó ń nà, tó ń tutù padà lábẹ́ kéèlì. Kò kú rárá. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe tí kò bá sómi, á ká jọ, á dúró. Dádì ní, "Jésù!" ó sì jókòó sílẹ̀ nínú òjò.

Ọ̀rọ̀ kéèlì náà wà láàárín èmi àti Dádì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Béjìdé ti ga jù mí lọ báyìí. Lọ́jọ́ kan láìpẹ́ yìí, gbogbo wa wà ní kíṣìnì, Mọ́mì ń gé ẹ̀fọ́. Ó mú kéèlì kan, ó nà án sí Béjìdé, ó ní, "Wá kí bùrọ̀dá ẹ." Ọbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dà lọ́wọ́ Dádì. "Ìyá Ṣadé, o mọ̀?"

Mọ́mì ní, "Dádì Ṣadé, èmi ọmọ Ìjẹ̀bú tí mo ti ń gé ẹ̀fọ́ kí n tó léyín, ṣé mi ò ní dá ẹ̀fọ́ mọ̀ tí mo bá rí i lórí igi? From the first day. Àbí ẹ rò pé ìgbà tí landlord ké ni?"

"Kí ló dé tó ò sọ? Igi yẹn ti gbẹ! Mo rò pé tó o bá mọ̀..."

"Mo rí i pé ó ti gbẹ. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, ẹ ò gbọ́." Ó padà sórí ẹ̀fọ́ ẹ̀, ó ń gé e. "Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tún rí yín lórí ìjókòó, ẹ ń fi eyín gé òwú. Mi ò wo igi mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ẹ̀yin ni mò ń wò."

Dádì gbé ọbẹ̀ sílẹ̀. Ó fa ọ̀bẹ lọ́wọ́ ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a gé e.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí mo jẹ́ nígbà náà máa ń tijú àwọn òbí rẹ̀ lójú àwọn ọ̀rẹ́. Ó rò pé tóun bá dàgbà, òun á mọ nǹkan jù wọ́n lọ. Mo sì ti mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ mi lónìí ni kí n máa lọ láti ilé dé ilé ní Becontree, kí n máa wọn bí ògiri ṣe tutù tó, kí n máa sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n ṣí fèrèsé. Mo mọ ìdí tí ẹ̀dọ̀fóró igi kì í fi í gbé níbi tí ọkọ̀ pọ̀ sí, mo mọ ìdí tó fi yẹ ká fi ẹ̀ka tó wó sílẹ̀ sínú igbó. Fúláàtì tí mò ń dá gbé ní Longbridge gbẹ, ó mọ́ tónítóní, báàfù mi ṣófo. Tí mo bá tibẹ̀ jáde láàárọ̀, tí mo ti ilẹ̀kùn, ó máa ń ṣe mí bíi pé kí n padà lọ bi ọmọ yẹn pé kí ló ń tì í lójú. Mi ò tíì rí ẹni tí mo lè máa so kéèlì mọ́ igi fún.